Àgbẹ̀ tí Ó Bá Gọ́lọ́bà Lọ sí Kùmásì

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ wa ní Gáréèjì Ìkòròdú)

 

Nígbà tí Akọ̀wé wa kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn akọni ayé àtijọ́, ó dá mi lójú pé àwọn tí ẹ ń retí láti gbọ́ ni àwọn tí gbogbo ayé ti mọ̀: Kúrunmí ti Ìjàyè, Ògúnmọ́lá ti Ìbàdàn, Fábùnmi àti Ògèdèǹgbé. Àwọn wọ̀nyí ní òpìtàn, wọ́n ní akéwì, àwọn ọmọ ilé-ìwé pàápàá ń kà nípa wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn olúkúlùkù wọn ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn gbé dúró tí kò ní orúkọ nínú ìwé kankan, tí wọ́n gbé ìbọn ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n sì gbé ọkọ́ nígbà tí òjò bá rọ̀. Nípa ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí. Òun ni ó bí bàbá bàbá mi. Bí mo ti ṣe tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ni n ó rò fún yín, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ìdílé kan nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò ní ẹnìkan báyìí, tí a ń sọ pé, “Àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti jagun rí,” tí ọ̀rọ̀ náà sì máa ń parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ìdènà kan kúrò lójú ọ̀nà. Àwa tí a lọ sí ilé-ìwé ti kọ́ bí a ṣe ń pín iṣẹ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: àgbẹ̀ lọ́tọ̀, sójà lọ́tọ̀, oníṣòwò lọ́tọ̀. Àwọn baba wa kò mọ irú ìpín bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ni gbogbo ìlú, bí ogun bá sì dé, ìlú náà ni ọmọ-ogun. Balógun fúnra rẹ̀ ní oko, ó sì ń fi ojú oko mọ ìgbà tí ó yẹ láti ṣígun. Ogun a máa jáde ní ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí odò bá fà, tí iṣu sì ti wọ àká. Bí ìdótì bá pẹ́, àwọn ọmọ-ogun a dá oko yí ibùdó wọn ká. Ẹ ó rántí pé irú bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó mọ odi Jerúsálẹ́mù nígbà Nehemáyà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì fi ọwọ́ kejì di ohun ìjà mú. Nítorí náà bí a bá bi àgbàlagbà kan pé, “Ṣé àgbẹ̀ ni bàbá yín tàbí jagunjagun?”, a ti bi í ní ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ìjọba Òyìnbó ti dé Èkó, irú ọmọ-ogun mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wà: ẹni tí a ń san owó fún, tí a fún ní aṣọ àti ìbọn tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ó ń lọ sí ibi tí kò ní ọ̀tá kankan. Irú èyí ni bàbá mi àgbà, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì ti le.

Ọ̀nà tí ẹ gbà wọ ìpàdé yìí lónìí, ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ń gbà láti Gáréèjì lọ sí Ṣàgámù kí wọ́n tó yà sí Ìbàdàn, kì í ṣe ọ̀nà lásán. Ó ti mú ẹ̀mí lọ rí. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà etí òkun mọ́ Ìbàdàn, kí ìbọn àti ẹ̀tù má baà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta 1862, síbẹ̀ ọ̀nà kò là. Àwọn ará Rẹ́mọ, Ìkòròdú sì wà nínú wọn, rí i pé oúnjẹ wọn ni a dí, nítorí ọjà láti òkè wá sí ọ̀sà ni wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n ń bá Ìbàdàn tà, wọ́n ń bá Èkó rà. Èyí bí àwọn Ẹ̀gbá nínú, wọ́n sì wá dó ti Ìkòròdú. (Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ Ẹ̀gbá wà láàárín wa, ẹ má bínú, ìjà àwọn baba wa ni, a sì ti fẹ́ ara wa ní ìyàwó láti ìgbà náà wá.) Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1865, Glover tí ó ń ṣe àkóso Èkó fún Ọba-bìnrin Victoria rán ogun gba ọ̀sà kọjá. Àwọn sójà adúláwọ̀ láti erékùṣù West Indies wà nínú rẹ̀, àwọn Háúsá tirẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n mú rọ́kẹ́ẹ̀tì dání, ohun ìjà oníná tí ń fò bí ìràwọ̀ tí ó já. Àwọn tí ó dó ti ìlú kò rí irú rẹ̀ rí. Ibùdó náà tú, wọ́n sì sá.

Nínú ìdílé wa, gbogbo ènìyàn ni ó mọ ìtàn ogun yìí, ohun tí àwọn mọ̀lẹ́bí mi sì fẹ́ràn láti máa sọ ni pé bàbá wa àgbà jà nínú rẹ̀, pé nítorí akínkanjú rẹ̀ ni wọ́n fi fún un ní ilẹ̀ tí a jogún. Ìtàn náà dùn. Èmi náà gbà á gbọ́ títí mo fi di ẹni tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní bí a ti ń kọ́ ìtàn, ó wá di dandan pé kí n fi ohun tí mo ń kọ́ ẹlòmíràn wọn ilé ara mi.

Ìṣirò ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ ṣe. Bàbá bàbá mi, tí mo bá láyé nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ni àbíkẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ó sọ pé ogun Jámánì àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá òun kú, òun sì ti tó ẹni tí ń dá oko tirẹ̀, ṣùgbọ́n irun bàbá náà kò tíì funfun tán. Ẹni tí ó bá ti ń jagun ní 1865 yóò ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Èyí kò ṣàì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó mú mi fura.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ gbà mí láyè kí n bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin ilẹ̀ jù mí lọ: nígbà tí ọ̀tá bá wá dó sórí oko yín, tí ẹ sì lé e lọ, ilẹ̀ ta ni ẹ gbà? Ilẹ̀ tiyín ni. Kò sí ilẹ̀ tuntun tí Ìkòròdú rí nínú ogun 1865 tí wọn yóò fi ta àlejò lọ́rẹ. Àwọn sójà Gómìnà sì wá láti Èkó ni, Èkó ni wọ́n padà sí.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ oko. A ní oko etílé kan, a sì ní oko ìkejì tí ó jìnnà, èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ egàn. Orúkọ tí gbogbo wa fi ń pe oko ìkejì yìí ni Kùmásì. “Níbo ni bàbá rẹ wà?” “Ó lọ sí Kùmásì.” Ọmọ ogún ọdún ni mí kí n tó mọ̀ pé ìlú kan wà ní ilẹ̀ Gáánà tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bi àwọn àgbà, wọ́n ní bàbá ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí jíjìnnà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti lè sọ pé ẹnìkan lọ sí òpin ayé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni àgbẹ̀ Ìkòròdú kan, tí kò mọ̀wé, tí kò rí àwòrán ayé rí, ṣe gbọ́ orúkọ Kùmásì débi tí yóò fi sọ oko rẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú gbólóhùn kan tí bàbá bàbá mi máa ń sọ lẹ́nu bàbá rẹ̀, tí a kà sí ọ̀rọ̀ àpárá. Bí ẹnìkan bá pẹ́ dé ibi oúnjẹ tí wọ́n sì ti jẹ ẹ́ tán, bàbá náà yóò ní, “A dé Kùmásì, eérú la bá.” A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Kò sí ẹni tí ó bèèrè pé eérú wo.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí òun ni ọ̀pá tí mo fi wọn gbogbo rẹ̀. Ní 1873 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Òyìnbó àti àwọn Aṣánti. Ọ̀gágun Wolseley ni ó gba ojú ọ̀nà Cape Coast gòkè. Glover, tí ó ti fi Èkó sílẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú, ni a tún rán padà wá sí etí òkun yìí láti kó ọmọ-ogun jọ, kí ó sì gba ọ̀nà odò Volta wọlé láti ìlà-oòrùn. Àwọn Háúsá àti Yorùbá láti Èkó ni ó jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ogun rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì 1874, Wolseley wọ Kùmásì. Ní ọjọ́ 6 ó ti ìlú náà bọ iná, ó sì padà sẹ́yìn nítorí òjò. Ogun Glover kò bá a níbẹ̀. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn èyí ni àwọn tirẹ̀ tó yọ láti ìhà kejì, wọ́n sì gba àárín ahoro náà kọjá.

Ṣé ẹ rí i? Àwọn Háúsá mìíràn láti Èkó wà nínú ogun ti Wolseley pẹ̀lú. Bí bàbá mi àgbà bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, iná ni ìbá rí. Eérú ni ó rí. Ọ̀rọ̀ àpárá tí a fi ń bá alápẹẹ̀jẹ ṣeré fún ọgọ́rùn-ún ọdún ti sọ ogun tí ó jà fún wa, ó sọ ọ̀gá tí ó tẹ̀lé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀sẹ̀ tí ó dé ibẹ̀. Mo ti ka ìwé púpọ̀ nínú ayé mi, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tí ó fún mi ní inú dídùn tó gbólóhùn náà lọ́jọ́ tí ó yé mi.

Inú dídùn náà kò pẹ́, nítorí ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e wúwo. Ta ni àwọn “Háúsá” Gọ́lọ́bà? (Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Èkó ṣe ń pe orúkọ rẹ̀.) Ní 1857 ọkọ̀ Dayspring gbé Baikie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gòkè odò Ọya. Glover wà nínú rẹ̀, Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì fọ́ sórí àpáta ní ẹ̀bá Jẹ́bà. Glover fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ wá sí Èkó, àwọn Háúsá kan tí ó jẹ́ ẹrú sì rọ̀ mọ́ ọn lójú ọ̀nà. Àwọn olówó wọn bínú gidigidi. Nígbà tí Èkó ti di ti Ìjọba Òyìnbó ní 1861, tí Glover sì wá ń ṣe àkóso níbẹ̀, irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ó kó jọ, tí ó fún ní ìbọn, tí ó sì fi ṣe ọlọ́pàá ológun. Láti Ẹ̀gbá, láti Ìjẹ̀bú, láti inú Èkó pàápàá ni àwọn ẹrú ti ń sá wá bá a. Ọ̀kan pàtàkì nínú ẹjọ́ tí àwọn ọba ilẹ̀ wa ń rò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ni èyí: ó ń gba ẹrú wa. Kì í ṣe gbogbo wọn ni Gàmbàrí ní tòótọ́. Bí ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Nupe bá ti wọ aṣọ náà, Háúsá Gọ́lọ́bà ni ayé ń pè é.

Bàbá bàbá mi sọ fún mi pé ilà àbàjà ni ó wà lójú bàbá òun. Kì í ṣe ilà tí a ń kọ ní Ìkòròdú. Ilà ará òkè ni. Ó tún sọ pé bí ẹmu bá wọ̀ ọ́ lára tán ní ìrọ̀lẹ́, yóò máa pe orúkọ Kúrunmí, omi yóò sì bọ́ lójú rẹ̀. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. A kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lẹ́rú, a sì tà wọ́n káàkiri. Ọmọ tí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá nígbà náà yóò lé ní ogún ọdún ní 1873. Ìṣirò náà bára mu.

Ohun tí mo gbàgbọ́ nìyí, mo sì sọ ọ́ láìfi ohunkóhun pamọ́: ọmọ Ìjàyè ni, a kó o lẹ́rú ní kékeré, a tà á sí ìsàlẹ̀, ó ro oko olóko, ó sá lọ sí Èkó, ó gba ìbọn lọ́wọ́ Gọ́lọ́bà, nípa ìbọn náà ni ó sì fi di òmìnira. Lẹ́yìn náà ó padà wá di àgbẹ̀, nítorí oko ni iṣẹ́ tí ó mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú un.

Nígbà tí mo ka èyí sí etí ìdílé wa ní ọdún tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, dìde. Ó ní, “Olùkọ́, a kò rán ọ ní irú iṣẹ́ yìí. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ọmọ wa ní ọmọ ẹrú ní Gáréèjì ni?” N kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ó mọ ohun tí ó ń sọ. Ní ilẹ̀ wa yìí, títí di òní, a lè fi ọ̀rọ̀ kan yìí gba oyè lọ́wọ́ ẹni, a lè fi da ìgbéyàwó rú, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá sì dé, òun ni òkúta tí a kọ́kọ́ ń jù.

Ṣùgbọ́n mo dá bàbá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ní, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi ní ìtàn Àjàyí tí a kó ní Òṣogùn ní 1821, tí a tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí, tí a sì gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ní 1864 ni a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Kò sí Kírísítẹ́nì kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ń tijú Crowther. Mo tún rán an létí Ónésímù, ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ Fílémónì, tí Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù tìtorí rẹ̀ kọ odidi ìwé kan tí ó wà nínú Bíbélì wa. Kí ni ó dé tí ẹni tí ó sá fún oko ẹrú fi jẹ́ ènìyàn ọ̀wọ̀ nínú ilé Ọlọ́run, tí ó sì di ìtìjú nínú ilé wa? Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní àlùfáà kò lè ṣàìrí ibi ìkà. Kò gbà fún mi. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó sì gbà mí láyè láti parí ọ̀rọ̀ mi; èyí tó fún mi.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó kù. Bí kò bá jẹ́ ogun ni ó fi gba ilẹ̀, báwo ni ó ṣe ní i? Níhìn-ín pẹ̀lú, ohun tí gbogbo wa mọ̀ tí a kò sì rò ni ó dáhùn. Títí bàbá bàbá mi fi dàgbà, lọ́dọọdún bí iṣu tuntun bá jáde, a máa ń ru iṣu lọ sí agbo-ilé kan ní ìhà Ìmọ̀ta. Kì í ṣe ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kì í kà á, wọn kì í sì í bínú bí ó bá kéré. Wọn a se lára rẹ̀, wọn a fi ìyókù ránṣẹ́ padà, wọn a sì máa pe àwọn tí ó ru ú wá ní ọmọ wa. Ẹni tí ó bá mọ àṣà wa mọ ohun tí èyí jẹ́. Ilé ìyá ni. Sójà tí ó ti ibi ogun dé, tí kò ní bàbá, tí kò ní orílẹ̀ ní ẹkùn yìí, fẹ́ ọmọ onílẹ̀; àna rẹ̀ sì fún ọmọ tirẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ ní ibi tí wọn yóò máa ro. Obìnrin ni ó mú ilẹ̀ wọ ilé wa. Nínú gbogbo ìtàn akọni tí a ń sọ fún ara wa, a kò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ mọ iye tí ilẹ̀ ti dà ní gbogbo agbègbè Gáréèjì yìí. Ilé ti bo oko etílé wa mọ́lẹ̀, àmì àwọn awọnlẹ̀ sì ti dé Kùmásì. Àwọn kan nínú ìdílé wa ń bẹ̀rù pé bí a bá sọ pé nípa ìyá ni a fi ní ilẹ̀, ẹ̀tọ́ wa yóò dínkù. Èmi rò pé ìtàn ogun tí kò lè dúró níwájú ọmọ ilé-ìwé kan kò ní lè dúró níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó tí agbo-ilé méjì jẹ́rìí sí, tí a sì ru iṣu lé lórí fún ìran méjì, ìyẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn agbẹjọ́rò bá mi jiyàn níbẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tí ó fẹ́ bi mí pé, níbo ni kí àwa náà ti bẹ̀rẹ̀? Mo ti fi hàn yín pé láti inú ilé ni. Orúkọ oko, àpárá, ilà ojú, ibi tí a ń ru iṣu lọ: ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ kí ẹ tó wá ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibi tí ìwé wà. Ìwé Ìròhìn tí Townsend tẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti 1859 títí di 1867 ń sọ nípa àwọn ogun wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé láti inú ìlú Ẹ̀gbá ni ó ti ń sọ̀rọ̀. Ìwé ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897, tí ó sọnù, tí àbúrò rẹ̀ tún kọ, tí a sì tẹ̀ ní 1921, ojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni ó fi ń wò. Àwọn ìwé Ìjọba wà ní Ilé Ìpamọ́ tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Lẹ́tà àti ìwé ojoojúmọ́ àwọn àlùfáà C.M.S. wà ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má retí láti bá orúkọ bàbá yín bí ẹ ti ń pè é. Akọ̀wé ológun a kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́: bí sójà kan bá dárúkọ ìlú rẹ̀, ìlú náà a di orúkọ bàbá rẹ̀. Ìwé ìrìbọmi ilé ìjọsìn sì tún ń fi orúkọ mìíràn lé e.

Ẹ̀yin tí bàbá yín wà nínú àwọn ogun tí ó tẹ̀lé e, iṣẹ́ yín rọrùn díẹ̀. Ní 1892, Ẹ̀pẹ́ ni àwọn sójà Gómìnà Carter ti gúnlẹ̀ kí wọ́n tó gba Ìmàgbọ̀n lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde; àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú sì wà nínú àwọn tí ó dúró dè wọ́n pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà níwájú ìbọn Maxim. Nínú ogun 1914 sí 1918, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa jà ní Kamẹrúùnù àti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tí ó sì ru ẹrù fún wọn kò lóǹkà. Lẹ́yìn ogun náà, nígbà tí a ń kọ orúkọ àwọn òkú sára òkúta, a fo ti ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní oṣù kẹrin 2021 ni Àjọ tí ń tọ́jú ibojì ogun náà fúnra wọn jẹ́wọ́ pé àwọn tí a kò kọ orúkọ wọn rárá, pàápàá láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, kò dín ní 116,000, ó sì lè tó 350,000. Nítorí náà bí ẹ kò bá rí orúkọ bàbá yín lára òkúta, kì í ṣe ẹ̀rí pé kò lọ.

Ní ti ogun Bọ́mà, olóògbé Isaac Fádóyèbọ̀ ará Ẹ̀múrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ọmọ àgbẹ̀, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó wọ iṣẹ́ ogun. Àwọn Japaní ṣe é léṣe ní àfonífojì Kaladan ní oṣù kẹta 1944, ìdílé Mùsùlùmí kan ní abúlé sì fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án títí a fi gbà á là. Ó kú ní 2012. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà lábẹ́ ibùsùn bàbá kan nínú ilé yín, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́.

Èmi fúnra mi kò tíì parí. Orúkọ ìyá náà ni mo ń wá báyìí, ọmọ onílẹ̀ tí ó fẹ́ sójà. Mo ti lọ sí agbo-ilé náà ní ìhà Ìmọ̀ta lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá arúgbó kan tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún sọ pé òun mọ oríkì rẹ̀, pé ìyá òun a máa kì í bí wọ́n bá ń gún iyán, ṣùgbọ́n òun kò ní kì í fún àlejò tí ó wá ní ọwọ́ òfo. Mo bi í pé kí ni kí n mú wá. Ó ní, “Iṣu ni ẹ máa ń rù wá.” Iṣu tuntun yóò jáde ní oṣù tí ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ti sọ pé òun yóò bá mi lọ.